Àpò Fàdákà Mẹ́wàá Tí N Kò Tú

Láti ọwọ́ Menofilo,
Ẹ̀yìn tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó,
Puteoli.
Oṣù Kẹsàn-án, ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè àjàrà.

Sí Elpis, ní ilé Ìyáàfin Oppia elẹ́ja,
Lilibeo, ní Sisili.

Elpis, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí ọmọ inú rẹ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wà ní àlàáfíà, àwa náà wà ní àlàáfíà. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ojú mi kò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n imú mi ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ní imú yẹn ni yóò kẹ́yìn kú lára mi. Òun náà wà dáadáa, ó jókòó sídìí òfì rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ní kí n bá òun kí ọ dáadáa. Àwọn òrìṣà ilé wa ń gbìyànjú lórí wa.

Zosimo awakọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ yín níjẹta. Ó gbé àpò owó tí mo fi rán an padà wá, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú mi, èdìdì rẹ̀ kò já. Mo kọ́kọ́ rò pé Ìyáàfin Oppia ló tún gbówó lé ọ. Zosimo ní rárá o, ìyá àgbà ti gbà, ìwọ gan-an lo kọ̀. Ó ní o dúró láàárín àwọn ìkòkò ẹja, o nu ọwọ́ rẹ sára aṣọ, o wá ní: "Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé wọn ò tíì sọ ìdí tí wọ́n fi ra ìyá mi tí wọn ò rà mí. Bí wọn ò bá ní í sọ ọ́, kí wọ́n máa fi owó wọn ra búrẹ́dì jẹ." Zosimo kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, bí o ṣe sọ ọ́ ló ṣe jíṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn fi tirẹ̀ kún un: "Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu tìẹ ni ọmọ yẹn jogún. Kreste ìyá ẹ̀ ò ní irú ẹnu yẹn."

N kò bínú sí ọ. Mo rò ó pé bóyá ó yẹ kí n bínú, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ìbínú náà ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àkókò kò dúró dè wá. Zosimo ní oyún rẹ ti pé oṣù mẹ́fà, o sì mọ òfin bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: bí ìyá bá ti wà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ ni ọmọ ṣe ń wà. Bí o bá bí i nígbà tí o ṣì jẹ́ ẹrú, ẹrú Oppia ni, bí o tilẹ̀ gba òmìnira ní ọ̀la ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, kò sí ọkọ̀ tí yóò jáde láti Puteoli mọ́ títí òtútù yóò fi lọ. Nítorí náà mò ń dá ọ lóhùn lónìí. N kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ, o kò sì béèrè fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí o rántí díẹ̀. Èmi jẹ́ ẹrú Vesonio onípàṣípààrọ̀ owó, ìwọ àti ìyá rẹ jẹ́ ti Oppia àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń ta omi ẹja oníyọ̀ létí èbúté. Bí ìyá rẹ bá rán ọ níṣẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ mi lo máa ń yà sí, wàá jókòó sábẹ́ tábìlì mi. Owó tó dára ni mo máa ń tì sí apá ọ̀tún, èyí tó burú ni mo máa ń tì sí òsì. Ìwọ náà á kó ẹ̀wà jọ sílẹ̀, wàá máa ṣe bí mo ti ń ṣe, wàá máa gbóòórùn ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú líle. Àwọn oníbàárà máa ń rẹ́rìn-ín rẹ, Vesonio pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín.

N kò ní í kọ́ ọ ní iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ ohun tí orúkọ mi jẹ́ nínú rẹ̀. Màá ju owó denario kan sórí òkúta. Fàdákà tòótọ́ á dún, ìró rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó lọ. Bàbà tí wọ́n fi awọ fàdákà bò á dún, á sì dákẹ́ lójijì. Bí kò bá dá mi lójú, màá fi àtàǹpàkò ra á títí yóò fi móoru, màá gbóòórùn rẹ̀, nítorí bàbà kì í lè fi òórùn rẹ̀ pamọ́. Bí àpò kan bá kún fún èyí tó dára, màá dì í, màá so eegun pẹlẹbẹ kan mọ́ okùn rẹ̀, èyí tí mo gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára: Menofilo, ẹrú Vesonio, ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti oṣù tó jẹ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó máa ń tú àpò náà mọ́. Á lọ láti Puteoli dé Kapua, á dé Romu, á pààrọ̀ ọwọ́ nígbà mẹ́wàá, eegun náà nìkan ni wọ́n á máa kà. Bí èmi fúnra mi bá fẹ́ jẹ́rìí nílé ẹjọ́, wọ́n ní láti kọ́kọ́ nà mí kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ ẹrú gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mi lára eegun, kò sí ọlọ́lá tó ń bi í ní ìbéèrè.

Àwọn owó tí mo bá kọ̀, màá fi irin ṣóńṣó kan fa ìlà tín-ín-rín sábẹ́ ọrùn òrìṣà obìnrin tó wà lára wọn, kí n má bàa tún wọn yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì, màá sì jù wọ́n sínú ìkòkò. Vesonio ní alágbẹ̀dẹ òun ló ń gé wọn, tó ń yọ́ wọn. Mo gbà á gbọ́, n kò sì bi í mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn àpò kékeré mẹ́wàá. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Saturno, lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá máa ń gbé oúnjẹ fún ẹrú wọn, Vesonio máa ń pè mí síwájú gbogbo ilé. Á ní, "Menofilo, imú mi, gbà!" Á wá gbé àpò awọ kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ti fi òrùka rẹ̀ tẹ èdìdì sí i, àádọ́ta denario ló wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, n kò tú ọ̀kan rí. Lọ́dọ̀ wa, bí owó bá ti ní èdìdì, èdìdì náà ni a máa ń wò, a kì í tú u. Ẹni tó bá tú èdìdì ọ̀gá rẹ̀ láti yẹ ẹ̀bùn wò ti pe ọ̀gá náà lólè lójú gbogbo ayé. Kí n sì má purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò sára ògiri lábẹ́ àtẹ̀gùn. Owó yòókù tí àwọn awakọ̀ òkun ń fún mi ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì, mo ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò. Èmi tí mò ń yẹ owó gbogbo Puteoli wò ló gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó sílẹ̀ tí n kò fọwọ́ kàn.

Nígbà tí ọkọ Oppia kú, gbèsè ló fi sílẹ̀. Oppia ní òun yóò ta ilé, òun yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Sisili, gbogbo ẹrú ni òun yóò sì kó lọ. Oyún ìyá rẹ ti wọ oṣù kẹjọ. Mo sáré lọ bẹ obìnrin náà. Ó ní bí mo bá lè san ẹgbẹ̀rún denario lórí ìyá rẹ àti ẹgbẹ̀ta lórí rẹ, òun yóò dá ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ níwájú adájọ́ kí òun tó wọkọ̀. Ó ní, "Àmọ́ àpò tó ní orúkọ ẹ lára ni mo fẹ́, Menofilo. Mi ò mọ owó wò. Orúkọ ẹ ni mo mọ̀ ọ́n kà." Mo ṣírò ohun tí mo ní. Ẹgbẹ̀jọ ni, ó pé géérégé. Elpis, mo rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà títí àwọn èèyàn fi ń wò mí. Kí n tó délé, ìyá rẹ ti ká aṣọ rẹ sínú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo jókòó láti dì í. Mo já èdìdì àpò kékeré àkọ́kọ́, mo da owó inú rẹ̀ sórí òkúta. N kò ní i lọ́kàn láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀ nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹyọ kẹta dún, ó dákẹ́. Mo rò pé etí mi ló ṣì gbọ́. Mo ju òmíràn, òun náà dákẹ́. Mo gbé e súnmọ́ ojú, mo sì rí ìlà tín-ín-rín náà lábẹ́ ọrùn òrìṣà. Ìlà mi ni. Mo já àpò mẹ́sàn-án yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, irinwó ó lé mọ́kànlá ló jẹ́ bàbà, gbogbo wọn pátá ni mo sì ti fọwọ́ ara mi kọ̀ lórí tábìlì rí. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò pé ẹgbẹ̀fà mọ́.

Mo lọ bá Vesonio. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kò mi orí. Mo ní, "Ọ̀gá, bàbà ni irinwó ó lé mọ́kànlá nínú ẹ̀bùn tẹ́ ẹ fún mi." Ó ní, "Ta ló ní kó o tọ́jú ẹ̀ fọ́dún mẹ́wàá? Ká ní o ti ná an nílé ọtí bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ṣe ń ná tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ì bá ti tán." Mo ní, "Èmi ni mo kọ̀ wọ́n, ọ̀gá. Ìlà mi wà lára wọn." Ó ní, "Ìwọ náà, ro ó wò. Ẹrú mi ni ẹ́, owó ọwọ́ ẹ, tèmi náà ni. Fàdákà gidi wo lo fẹ́ kí n máa mú látinú àpò mi ọ̀tún sínú àpò mi òsì?" Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Vesonio wá rí ojú mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Má ṣe ojú báyẹn jàre. Kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, gbẹ́ orúkọ ẹ, so ó mọ́ ọn. Ta ló máa tú àpò Menofilo wò? Sisili lobìnrin yẹn ń lọ. Kó tó mọ̀, ọmọ ẹ á ti lọ́mọ."

Apá tó kàn yìí, ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sọ fún un ni pé owó burú, ọ̀rọ̀ sì parí. N kò sọ fún un pé mo padà sídìí tábìlì mi, mo kó gbogbo owó náà sínú àpò kan, rere àti búburú, mo sì mú eegun tuntun. Mo gbẹ́ orúkọ mi. Mo gbẹ́ orúkọ Vesonio. Ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó ń sọ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo di irin náà mú, n kò gbẹ́ ẹ. Ká ní mo gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn, ọ̀la ọjọ́ náà ni ìwọ àti ìyá rẹ ì bá di òmìnira. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ rí nìyẹn, òun gan-an sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ.

O máa fẹ́ mọ ohun tó dá ọwọ́ mi dúró. Mo lè sọ pé nítorí Oppia ni, torí owó yẹn ló fẹ́ fi san gbèsè, àwọn tó jẹ ní gbèsè ni wọn ì bá sì tú u, òun ni wọn ì bá mú. Ẹ̀rù náà sì bà mí. Mo ti rí ẹrú kan tí wọ́n mú lọ sí ibi ìwakùsà nítorí irú rẹ̀, kò padà wá. Mo sì rò pé wọ́n lè sọ pé òmìnira tí wọ́n fi bàbà rà kì í ṣe òmìnira, kí wọ́n tún wá kó yín. Gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé orúkọ mi lára eegun yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi láyé, tí Vesonio kò lè sọ pé tòun ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ọ́ lọ. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fún ọdún méjìlá, n kò tíì lè sọ fún ọ pé irọ́ ni.

Mo gbé ìwọ̀nba owó tó dára lọ bá Oppia, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wò mí bí ẹni ń wo dìndìnrìn. Ó ní, "O ò bá ti so eegun mọ́ ọn, mi ò bá má mọ̀." Mo ní, "Mo mọ̀, ìyá." Ó wá ní, "Ó dáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn, Menofilo. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè fi sílẹ̀. Ọ̀túnla ni ọkọ̀ ń lọ. Mú ẹni tó o bá fẹ́." Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba èyí tó kù díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìlérí àwọn èèyàn ló gbé òun dé ibi tí òun wà yìí. Àwọn ẹrú ẹgbẹ́ mi dá ọgbọ̀n denario fún mi, Zosimo fún mi ní méje, gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Kò tó. Oppia búra fún mi pé òun kò ní í tà ọ́ fún ẹlòmíràn, kò sì tà ọ́ lóòótọ́. N kò lè purọ́ mọ́ obìnrin náà.

Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Elpis, ọmọ ni kó o mú. Èmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹrú. Òun ò tíì mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Èyí tó wà nínú ẹ ńkọ́?" Ó ní, "Mi ò tíì rí èyí tó wà nínú mi. Elpis ni mo rí." N kò gbọ́. Mo ṣírò ni, Elpis, nítorí ìṣirò ni mo mọ̀. Bí mo bá ra ìyá rẹ, ẹni méjì ni mo rà, nítorí ọmọ inú rẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀ ní òmìnira láìsan kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí mo bá rà ọ́, ẹnì kan ni. Mo sì sọ fún ara mi pé láàárín ọdún mẹ́rin màá ti rí ẹgbẹ̀ta, màá wá mú ọ. Lọ́jọ́ kejì, níwájú adájọ́, wọ́n fi ọ̀pá kan ìyá rẹ lórí, ó sì di òmìnira. Ó ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí adájọ́ fi rò pé ayọ̀ ni, ó sì kí i kú oríire.

O rántí èbúté, mo mọ̀ pé o rántí rẹ̀. Ọwọ́ Oppia lo dì mú. O kò sunkún. O gbé ojú sókè wò mí, o ní, "Bàbá, ṣé apá òsì lẹ tì mí sí ni?" Mo ṣe bí ẹni pé ariwo àwọn awakọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo gbọ́ o. Ó ti pé ọdún méjìlá tí mo ti ń gbọ́ ọ. Rárá, ọmọ mi. N kò tì ọ́ sí òsì. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, kí n pariwo rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí ẹ lọ ni ìyá rẹ bímọ. Ọkùnrin ni, ó pupa, ohùn rẹ̀ le. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní òmìnira nínú gbogbo ìdílé wa, mo sì gbé e jáde kí oòrùn lè rí i. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n máa ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ níhìn-ín, nítorí náà kò ní orúkọ tí a lè máa pè é. Ohun tí mo fi ọ́ rà nìyẹn, ọjọ́ mẹ́fà. Ìyá rẹ kò sọ pé "ṣé mo sọ fún ọ." Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún méjìlá yìí, kò tíì sí ọjọ́ kan tó gbé abọ́ kalẹ̀ tí kò gbé tìrẹ.

O máa ní kí ló wá dé tí ọdún mẹ́rin fi di méjìlá. Nítorí pé mo jà á níyàn lójú onígbàjámọ̀, Vesonio yọ mí kúrò lórí fàdákà, ó fi mí sídìí owó bàbà wẹ́wẹ́, níbi tí ẹnì kan kì í ti í ta ènìyàn lọ́rẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ajogún rẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ ra ara mi ná, nítorí pé ẹrú kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn tó dúró. Mo ra ara mi. Èyí tó kù jẹ́ ti ìyá rẹ ju tèmi lọ; òfì ni ó ń hun láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìgbà tí àwọn igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé lọ́dún yìí ni ẹgbẹ̀rún denario tí Oppia ń béèrè lórí rẹ pé.

Nípa owó náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo ti yọ orúkọ mi kúrò lára àpò náà. Mo ti kọ̀wé sí Oppia pé owó Elpis ni, pé Elpis ló ń ra ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rà á. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́ dúró sí Sisili pẹ̀lú bàbá ọmọ rẹ, dúró. Bí o kò bá fẹ́ rí ojú mi, n kò ní í wá. O kò jẹ mí ní ìdúpẹ́, n kò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí nítorí pé mo rán owó wá. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ìbínú rẹ sí mi mú ọ pẹ́ débi tí ọmọ yóò fi dé. Kọ̀ mí bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n gba àpò náà.

Kí àwọn òrìṣà ilé wa tẹ̀lé ọ dé ilé tí kì í ṣe tiwọn. Kí o gbọ́ ohùn ara rẹ, kí o gbọ́ ti ọmọ. Kí ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ bá a láàyè tàbí ọjọ́ kẹjọ bó bá jẹ́ obìnrin, kí o sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ọ́, kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ náà yóò fi sú àwọn aládùúgbò. Kí ọwọ́ rẹ má rùn fún ẹja mọ́ bí kò bá wù ọ́ kó rùn.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Menofilo.

Àfikún: Mo ti fẹ́ di lẹ́tà yìí nígbà tí mo rò ó pé kò tọ́ kí o mọ ohun tí ìyá rẹ kò mọ̀. Mo kà á sókè fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé orí eegun tí n kò gbẹ́ parí, kò gbé ojú kúrò lára òfì, ó hun ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Mo mọ̀. Onígbàjámọ̀ yẹn ti sọ fún mi ohun tí ọ̀gá ẹ ní kó o ṣe, kí ọkọ̀ tó lọ. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí wàá fẹnu ara ẹ sọ ọ́ láti ọdún méjìlá." Ó dìde, ó gbé àpò owó, ó lọ bá Zosimo létí omi, ó bi í pé èló ni obìnrin ń san lórí ọkọ̀ dé Lilibeo. Nítorí náà Zosimo kọ́ ni yóò mú lẹ́tà yìí wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹni tó mú un wá ní òun kò ní í sọ ẹni tí òun jẹ́ títí ìwọ yóò fi kà á tán, nítorí òun kò fẹ́ kí ohùn òun bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. O ti kà á tán báyìí. Gbé ojú sókè, Elpis. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti rù sí i, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló dúró síwájú rẹ yẹn.